Oyin Tó Yọ Ahọ́n Síta

Ọjọ́ Ajé ni, òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀yìn oko kajú ni mo to àpótí oyin mi sí, lọ́nà Ìsẹ́yìn, márùn-ún péré. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, nítorí ohùn wọn. Ẹni tó bá ti sin oyin rí mọ ohùn tí mò ń wí. Kì í ṣe ariwo. Ó dà bí ìgbà tí ìjọ bá ń gbàdúrà nínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà kàn ń gbọ́ hùn-ùn, hùn-ùn. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn náà ti lọ sílẹ̀ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí kẹta. Oyin kú sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni da ìyàngbò àgbàdo nù. Iwájú àpótí karùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kò tíì kú tán, wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri. Mo ṣa díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e súnmọ́ ojú. Gbogbo wọn pátá ló yọ ahọ́n síta.

Oyin a máa kú, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Nígbà tí òdòdó bá pọ̀, òṣìṣẹ́ inú oyin kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láyé, oko ló sì máa ń kú sí jù. Ó jáde láàárọ̀, kò wálé lálẹ́, ó parí. Èyí tó kú sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ wà níta, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tí màá bá jà ni mò ń wá. Bàbá kan wà tí oko wọn bá tèmi pààlà, ẹ̀gúsí bàrà ni wọ́n gbìn síbẹ̀, mo sì ti rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n gbé táǹkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fọ́n ọn kiri. Mo ti dá ẹjọ́ náà tán lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo kọ́kọ́ ṣí àpótí kẹta wò. Bí mo ṣe gbé igi orí rẹ̀ kan sókè, kòkòrò dúdú bíi mẹ́jọ sá kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wọ kọ̀rọ̀ lọ. Kékeré ni wọ́n, wọn kò tó hóró àgbàdo, ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn le, ó ń dán. Ọkàn mi tún yí. Mo ní, àṣé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n!

Bí mo ṣe wọ inú ìwádìí àwọn onímọ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ń wá ọlọ́pàá tí yóò bá òun mú olè. Ó sì lé ní oṣù mẹ́ta kí n tó jáde.

Kòkòrò dúdú yẹn ni mo kọ́kọ́ tọpa. Mo rò pé àlejò ni, pé láti òkè òkun ló ti bá ẹrù wọlé bíi ti ọ̀pọ̀ àjàkálẹ̀. Ọmọ ilé ni. Lọ́dún 1867, Andrew Murray, ará Scotland kan tó ń ṣe ìwádìí kòkòrò, kọ nípa àwọn kòkòrò tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí i láti Kálàbá, Kálàbá tiwa níhìn-ín, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Aethina tumida. Láti ìgbà náà, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tó di 1998, àwọn tó ń sin oyin ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣí àpótí wọn, wọ́n bá ìdin nínú afárá, ìdin tó ń la afárá já, tó ń yàgbẹ́ sínú oyin títí oyin fi ń hó jáde, tó ń rùn bí ọsàn tó ti jẹrà. Kòkòrò Kálàbá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tún dé Ọsirélíà. Ní 2014, wọ́n rí i ní Calabria, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Itálì (orúkọ ibẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé ó ń wá ìlú tó jọ tirẹ̀), ìjọba ibẹ̀ sì ní kí wọ́n pa gbogbo agbo oyin tó bá ti wọ̀ run.

Kí wá ló dé tí nǹkan tó ń ba ayé jẹ́ ní Florida fi jẹ́ ọmọ inú ilé lásán níhìn-ín? Àwọn oyin wa ni. Oyin tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, kò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ó ti lé wọ inú odò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lé kòkòrò yìí kiri inú ilé, wọn kì í jẹ́ kó rí ibi yé ẹyin sí, bí ọ̀rọ̀ bá sì le jù, gbogbo agboolé á kó ẹrù, wọ́n á ṣí lọ, wọ́n á fi àpótí òfìfo sílẹ̀ fún ẹ. Ìwà yìí ló ń bí àwa tó ń sin wọ́n nínú jù, òun náà ló sì ń dá ẹ̀mí wọn sí. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní South Africa rí ohun tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyin ibẹ̀ a máa fi oje igi tí wọ́n kó wálé mọ ẹ̀wọ̀n yí kòkòrò yìí ká ní kọ̀rọ̀, wọ́n á sì yan ẹ̀ṣọ́ tì í. Ẹlẹ́wọ̀n wa kò ní kú sẹ́wọ̀n o. Á na ìwo orí rẹ̀ jáde, á fi máa ra ẹnu ẹ̀ṣọ́ náà bí ọmọ oyin ṣe máa ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ara wọn, ẹ̀ṣọ́ á sì pọ oyin sí i lẹ́nu. Wọ́dà ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n, kò mọ̀ pé òun ń bọ́ ọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi béèrè bóyá fíìmù ni mò ń wò.

Nítorí náà, kòkòrò mẹ́jọ tí mo rí kò lè jẹ́ apànìyàn. Mo dá wọn sílẹ̀.

Ahọ́n ló kù. Ó wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ pé oyin tí oògùn apakòkòrò bá pa sábà máa ń kú pẹ̀lú ahọ́n níta, nítorí iṣan ara ni ọ̀pọ̀ oògùn wọ̀nyí ń bá jà. Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù láti bí ọgbọ̀n ọdún ni àwọn tí wọ́n ń pè ní neonicotinoid. Tábà ni orúkọ wọn ti wá. Wọ́n fara jọ oró inú ewé tábà, ọpọlọ kòkòrò ni wọ́n sì ń lọ bá. Ìyàtọ̀ wọn sí Gàmálìn tí àwọn bàbá wa fi ń fọ́n kòkó ni pé wọn kì í dúró lórí ewé nìkan. Wọ́n ń bá omi inú igi rìn. Bí o bá fi kun irúgbìn kí o tó gbìn ín, oògùn náà á gun igi lọ, á dé inú òdòdó, á wà nínú àtíkè òdòdó àti omi dídùn tí oyin ń wá.

Ní 2008, ní gúúsù Jámánì, lẹ́bàá odò Rhine, àwọn àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo tí wọ́n ti fi clothianidin, ọ̀kan nínú wọn, kùn. Oògùn náà kò lẹ̀ dáadáa mọ́ irúgbìn. Ẹ̀rọ ìgbìn fẹ́ eruku rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ó bà lé òdòdó ẹ̀bá oko, agbo oyin tó lé ní 11,000 ló sì kàgbákò. Èyí kò ṣòroó lóye: oró kan, ọ̀pọ̀ òkú. Ohun tó le ni oró tí kò pọ̀ tó láti pa. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé lẹ ohun kékeré kan tí ẹ̀rọ lè dá mọ̀ mọ́ ẹ̀yìn oyin, wọ́n fún àwọn kan ní ìwọ̀nba thiamethoxam tí kò lè pa wọ́n, wọ́n sì gbé wọn jìnnà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mu oògùn kò wálé. Wọn kò kú lójú ẹni. Wọ́n kàn ṣìnà ni. Oyin tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ ti kú, àfi bí kò bá tíì gbọ́.

Yúróòpù dín lílo mẹ́ta nínú oògùn wọ̀nyí kù ní 2013, wọ́n sì fòfin dè wọ́n nínú oko tí kò sí lábẹ́ ilé ní 2018. Mo ti ń múra láti lọ ka gbogbo èyí fún Bàbá oníbàrà bí ẹni ń ka Bíbélì fún ẹlẹ́ṣẹ̀, ni mo bá tún pàdé ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2017. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe é: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Hungary. Irúgbìn kan náà, oògùn kan náà. Ní Hungary àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pa oyin lára. Ní Jámánì, kò pa wọ́n lára. Àwọn àmì kan tilẹ̀ dára sí i. Àwọn tó ń ta oògùn di apá Jámánì mú, àwọn ọ̀tá oògùn di apá Hungary mú, oníkálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé. Èmi ò rí èyí tí màá gbé. Àmọ́ nínú ohun tí àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè fa ìyàtọ̀ náà ni pé ara oyin Jámánì le ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé wọ́n rí òdòdó igbó jẹ dáadáa.

Ibẹ̀ ni mo ti padà rántí ohun tí mo ti rí tì láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé: àpótí márùn-ún ni mo ní. Bàrà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ àpótí kẹta àti karùn-ún ló kú jù?

Mo ra ṣúgà lílọ̀ kúnná, èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò. Ìlànà náà kò le. Wàá gbọn bí ọ̀ọ́dúnrún oyin sínú ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀rẹ̀dẹ̀, wàá rí i dájú pé ìyá wọn kò sí níbẹ̀, wàá da ṣúgà lé wọn lórí, wàá fi àwọ̀n dé ìgò, wàá yí i títí wọn á fi funfun bí egúngún ọmọdé. Lẹ́yìn náà wàá dojú ìgò náà dé sórí àwo funfun, wàá sì máa gbọ̀n ọ́n. Ṣúgà á bọ́, ohun tó ń jẹ́ eégbọn ara wọn á sì bọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Oyin kì í kú nídìí ẹ̀. Inú á kàn bí wọn, wọ́n á padà sílé, àwọn ará ilé á sì máa lá wọn. Àpótí kìn-ín-ní, mo ka eégbọn mẹ́rin. Èkejì, mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, mọ́kàndínlógún. Ẹ̀kẹrin, márùn-ún. Ìkarùn-ún, mẹ́rìndínlógún.

Varroa ni orúkọ rẹ̀. Èmi ń pè é ní eégbọn nítorí bó ṣe ń lẹ̀. Àlejò gidi ni tirẹ̀. Ara oyin ilẹ̀ Éṣíà ló wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn Apis cerana, kí àwa èèyàn tó máa kó oyin kiri ayé. Ní 1904 ni wọ́n ti fún irú kan tó wá láti Java lórúkọ, wọ́n sì rò pé òun náà ló ń pa oyin gbogbo ayé. Ọdún 2000 ni wọ́n tó rí i pé ẹlòmíì ni, wọ́n sì sọ èyí ní Varroa destructor. Ó dé South Africa ní 1997. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kọ ọ́ jáde pé ó ti wà lára oyin ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, irú tí wọ́n ń pè ní ti Kòríà. Ìwọ̀n rẹ̀ lára oyin dà bí kí eégbọn tó tó abọ́ ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ikùn èèyàn. Ó tún ń gbé kòkòrò àrùn kiri: nígbà tó dé erékùṣù Hawaii, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2012 fi hàn pé àrùn tó ń wọ́ oyin níyẹ̀ẹ́ kúrò lára ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbo oyin, ó di gbogbo wọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé gbogbo ló ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni eégbọn yìí ń mu. Samuel Ramsey, tó ń ka ìwé nípa kòkòrò ní Yunifásítì Maryland, kò gbà. Ó bi ara rẹ̀ pé ìdí wo ló fi jẹ́ pé abẹ́ ikùn oyin ló máa ń fara mọ́ jù. Ó fún oyin ní aró méjì tó ń tàn: ọ̀kan ń wọ ẹ̀jẹ̀, ìkejì, èyí tó pupa, ń wọ ọ̀rá. Ó wá jẹ́ kí eégbọn jẹun lára wọn. Ikùn eégbọn tàn pupa. Ní 2019 ló gbé e jáde: ọ̀rá ara oyin ni eégbọn ń jẹ. Ẹni tí kò bá mọ oyin lè ní kí ló kàn mí, ọ̀rá ṣe tán. Ọ̀rá oyin kì í ṣe ọ̀rá bẹbẹrẹ ìdí. Òun ni ẹ̀dọ̀ wọn. Òun ni wọ́n fi ń pa oúnjẹ mọ́, òun ni wọ́n fi ń bá àrùn jà, òun náà ni wọ́n fi ń fọ májèlé kúrò lára.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jáde síta.

Àpótí márùn-ún kì í ṣe ìwádìí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé oró kan náà fún ẹni méjì, tí ẹ̀dọ̀ ọ̀kan pé, tí nǹkan ti jẹ ẹ̀dọ̀ èkejì dé ìdajì, kò sẹ́ni tí yóò máa béèrè ìdí tí ìkejì fi ṣubú. Ó wá yé mi pé ẹjọ́ tí mò ń dá láti ọjọ́ yìí wá kò rí bí mo ṣe rò ó. Oògùn pa wọ́n. Eégbọn ti pa wọ́n kí oògùn tó dé. Èmi tí n kò gbọn ṣúgà lé oyin kankan lórí láti ọdún mẹ́rin wá, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ eégbọn yìí fún àwọn tí a jọ ń sin oyin lórí WhatsApp, kò pé wákàtí kan tí ẹnì kan fi gbé àwòrán oògùn eégbọn síbẹ̀, ó ní òun ní i lọ́wọ́. Èmi ò rà á. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Amẹ́ríkà fi oògùn kan tó ń jẹ́ fluvalinate pa eégbọn yìí láti apá ìparí àwọn ọdún 1980; kò pẹ́ tí eégbọn fi mọ oògùn náà jẹ, wọ́n tún wá òmíràn. Kúbà ò bá ọ̀nà yẹn lọ. Eégbọn dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1996, àmọ́ ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí wọn kò ti fi oògùn kankan tọ́jú ẹ̀. Agbo oyin tó bá kú, ó kú. Èyí tó yè ni wọ́n ń bí sí i. Ní 2022, àwọn onímọ̀ gbé e jáde pé nǹkan bí 220,000 agbo oyin ibẹ̀ ló ń bá eégbọn gbé láìsí oògùn, pé kò síbòmíì láyé tí oyin irú ti Yúróòpù tó mọ ọ̀nà eégbọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oyin wọn ń ṣí ojú ihò tí ọmọ wà, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí eégbọn bá wà níbẹ̀, wọ́n á fa ọmọ náà jáde. Ọmọ á kú, ilé á yè. Ní South Africa náà, wọn kò tọ́jú àwọn oyin inú igbó, láàárín ọdún díẹ̀ eégbọn sì di nǹkan yẹpẹrẹ. Oyin tiwa kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí mo bá fi oògùn ra ẹ̀mí fún àpótí kẹta, ìwà àpótí kẹta ni màá máa tọ́.

Kúbà yẹn náà ni wọ́n ti ń pe oyin ní oñí, ọ̀rọ̀ wa tó bá àwọn baba ńlá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé oñí fún Ọ̀ṣun, ẹni tó gbé e wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú òrìṣà, torí wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ fi oyin fún un ní májèlé jẹ nígbà kan. Mo rántí ìyẹn nígbà tí mo kà nípa àwọn ará Neuchâtel ní Switzerland, tí wọ́n gba àpẹẹrẹ oyin lílá 198 jọ láti gbogbo ayé, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fún neonicotinoid. Wọ́n gbé e jáde ní 2017: mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní in nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kò dé ibi tí òfin oúnjẹ Yúróòpù sọ pé yóò pa èèyàn lára. Wọ́n tọ́ ọ wò fún Ọ̀ṣun nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé oyin kan ètè ọmọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ní ayé rẹ yóò dùn, èmi a máa ṣe àmín, ojú mi a sì máa wà lára ìgò.

Mo padà lọ bá Bàbá oníbàrà. Ìjà kọ́ ni mo gbé lọ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ n rí ike oògùn tí wọ́n lò. Wọ́n gbé e wá láti abẹ́ àgá. Orúkọ oògùn méjì ló wà lára rẹ̀, imidacloprid àti lambda-cyhalothrin. Nísàlẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń pa oyin, kí ẹnikẹ́ni má fọ́n ọn nígbà tí òdòdó bá ṣí. Bàbá kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó tà á fún wọn kò sọ nǹkan kan ju iye ìdérí tí wọn yóò pò mọ́ omi.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ṣé oyin rẹ ló ń wá jalè nínú òdòdó mi, tí o tún wá ń bi mí léjọ́?"

Mo ní, "Bàbá, wọn ò jalè. Àwọn ló ń bá yín gbé àtíkè akọ òdòdó lọ bá abo. Bí wọn ò bá wá, bàrà ò ní so."

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń gbin bàrà. Mo gé àwọ̀n apẹ̀fọn àtijọ́ kan sí wẹ́wẹ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi bo òdòdó abo mẹ́fà ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó ṣí láàárọ̀, kí wọ́n sì so òwú pupa mọ́ mẹ́fà mìíràn láìbò wọ́n. Àárọ̀ ni òdòdó bàrà ń ṣí, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti pa dé, kò sì ní ṣí mọ́. Wọ́n ṣe é. Bóyá kí wọ́n lè fi mí ṣẹ̀sín ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn ló wá sílé mi. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n bò ló ti rọ, tó já. Nínú àwọn olówùú pupa, mẹ́rin ti ń wú. Wọn kò sọ pé mo gba ọ̀rọ̀. Wọ́n kàn béèrè pé aago mélòó ni oyin máa ń sùn.

A fi àdéhùn sí ìrọ̀lẹ́. Oògùn kan náà ni wọ́n ṣì ń lò, n kò rí àyípadà kankan mú wá lórí ìyẹn, a sì mọ̀ pé irú èyí tó ń bá omi inú igi rìn kì í wo aago. Àpótí kẹta ti ṣí lọ. Karùn-ún wà níbẹ̀, kò lágbára. Mo ń gbọn ṣúgà lóṣooṣù.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ wọn sáré gba inú kajú wá. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ sà. Bàbá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti gbé táǹkì kọ́." Mo wo aago, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu mẹ́fà. Mo wo ẹnu àpótí. Oyin ṣì ń wọlé, ẹsẹ̀ wọn pọ́n fún àtíkè. Mo ní kó lọ kí Bàbá, kó bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i.